Ìjókòó mi àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí kánsẹ́lọ̀ (agbaninímọ̀ràn) tó ń kọ́ṣẹ́: ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti ṣì í?

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lápá Yábàá. Ọjọ́rú ni mo ń rí àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń kó ọmọ SS2 mẹ́jọ jọ nítorí ìbẹ̀rù ìdánwò. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi mọ iṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n àwa mẹ́sàn-án la jọ ń pín in, ogún ìṣẹ́jú péré ló ń kàn mí lọ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí. Mo ti yí ohun tó yẹ kí n yí padà, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ẹni tí mò ń sọ mọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó níwájú mi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó tó bí mi lọ́mọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń sá nílé-ìwé. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó. Ó so owó mọ́ igun ìborùn rẹ̀. Ó ń tú u, ó ń so ó padà, gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti kó ìmọ̀ràn mẹ́ta lé e lọ́wọ́: kó lọ rí olùkọ́ kíláàsì, kó máa gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà lálẹ́, kó wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní ìṣirò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, àǹtí. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́." Ó dìde. Ó ti di ilẹ̀kùn mú kó tó sọ pé, "Àtìgbà tí bàbá wọn ti kó jáde náà ni." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo dúró síbẹ̀, bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo retí rẹ̀ títí, n kò rí i.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ náà kò yàtọ̀. Yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fún wa, àwọn ọmọ jókòó ní ìlà bí ìgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì. Mo béèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nínú ìdánwò. Kẹ́kẹ́ pa. Jẹnẹrétọ̀ ilé tó wà lẹ́yìn ògiri nìkan ni mò ń gbọ́. Ara mi kò gbà á, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, mo sì sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan gba ọ̀rọ̀ náà, kò fi sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọbìnrin méjì gbéná wojú ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sunkún jáde.

Ẹ bá mi dá sí i. Báwo lẹ ṣe ń fara da ìdákẹ́jẹ́? Báwo ni ọmọdé ṣe ń jókòó ti àgbà gẹ́gẹ́ bí kánsẹ́lọ̀? Ìwé wa ní ká máa wo ẹni náà lójú. Ojú ìyá tó tó bí mi, kí n máa wò ó ṣá?

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe kánsẹ́lọ̀ láwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Erékùṣù Èkó kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó ṣe ọ́ yìí ṣe èmi náà, ó sì ṣe gbogbo àwọn tí mo kọ́.

Orúkọ iṣẹ́ wa gan-an ló kọ́kọ́ ń tì wá síbẹ̀. Agbaninímọ̀ràn ni wọ́n ń pè wá. Ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé bí òun kò bá tíì fúnni nímọ̀ràn, òun kò tíì ṣiṣẹ́. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá nílẹ̀ wa sì dá kún un. Lọ́dún 1959, nílé-ẹ̀kọ́ St. Theresa ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì pe àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ oríṣiríṣi wá láti tọ́ àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ìwé sọ́nà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ nílé-ìwé ní Nàìjíríà. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe: ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tó wà níta, sọ fún un. Àmọ́ ìyá tí ọkọ rẹ̀ kó jáde, kí lo fẹ́ sọ fún un tí kò mọ̀?

Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 1957 pé ohun tó ń yí ènìyàn padà ni kí ẹni tó jókòó tì í jẹ́ olóòótọ́, kó gbà á bó ṣe wà láìdá a lẹ́jọ́, kó sì mọ ọ̀rọ̀ náà lára bí ẹni pé òun ló ń ṣe. Wá ìmọ̀ràn níbẹ̀, o ò ní rí i. Àwọn àgbà wa náà ti ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ilé-ìwé tí ọmọ ń sá ni ẹ̀fà. Ìwọ dáhùn ẹ̀fà kíákíá, ìyẹn ni èje kò fi ráyè jáde títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Gbólóhùn ẹnu ọ̀nà yẹn, má jẹ́ kó pa ọ́ lẹ́kún. Gbogbo ẹni tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ni ènìyàn máa ń fi sí ìgbẹ̀yìn, nítorí pé ó mọ̀ pé òun ti fẹ́ máa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní lè bi òun síwájú sí i. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àádọ́ta ìṣẹ́jú ìjókòó wa pé, n óò wí i jáde: "Ìyá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé nǹkan kan wà tí a ò tíì fọwọ́ kàn?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á sọ ọ́ lórí àga.

O sì rí ọwọ́ rẹ̀ lára ìborùn. Ojú rẹ ríran. Ohun tó kù ni pé kí o fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ká ní o sọ pé, "Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí ẹ sùn," tí o sì dákẹ́, bóyá ọ̀nà ì bá là.

Fúnra rẹ ni kí o pè é. Má rán ọmọ rẹ̀ sí i. Sọ fún un pé o ṣì ń retí rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alága Ìlàjà Múṣin:
Mo bọ̀wọ̀ fún Olùkọ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà lọ́kọláya ní mọ́sáláṣí wa. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì méjì wá bá ọ, tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa nítorí rẹ, bí o bá ń wò ó tí o kò sọ ohun tí yóò ṣe, yóò ní o kò mọ nǹkan kan. Àwọn ènìyàn wa ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n wá bá. Ibi tí mo ti gbà ni pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ti tọkọtaya, a kì í fèsì kankan kí a tó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Alága, òótọ́ lẹ sọ, n kò sì ní kó má fúnni nímọ̀ràn láéláé. Àkókò rẹ̀ ni mò ń sọ. Bí ẹni náà bá ti sọ tán, tó sì béèrè pé, "Kí ni kí n ṣe báyìí?", mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé kí ló ti gbìyànjú, kí ló rò pé yóò ṣeé ṣe nínú ilé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n óò fi tèmi kún un. Ìmọ̀ràn tó bá tẹnu rẹ̀ jáde ló máa ń dé ilé. Ìyàtọ̀ mìíràn ni pé ẹ̀yin ń ṣèdájọ́ láàrin ẹni méjì, àwa kì í ṣe adájọ́.

Ará Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta:
Ọdún kan péré ni mo fi ṣíwájú rẹ, ó ṣì wà lára mi. Jẹ́ n dáhùn ọ̀rọ̀ ojú yẹn.

SOLER tí wọ́n kọ́ wa, ìyẹn ìlànà bí kánsẹ́lọ̀ ṣe ń jókòó ti ènìyàn, Gerard Egan ló gbé e kalẹ̀: kọjú sí ẹni náà, má ká apá gbera, fi ara sún mọ́ ọn díẹ̀, wò ó lójú, jẹ́ kí ara rẹ balẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti kọ ọ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà, wọ́n á ní ó ń fojú dí àgbà. Mo ṣe é bí ìwé ṣe wí fún bàbá kan lóṣù àkọ́kọ́. Bàbá náà yí ojú sí fèrèsé títí tí mo fi ṣe tán. Láti ìgbà náà, mo yí àga. N kì í jókòó kọjú sí àgbà gbangba mọ́. Mo máa ń gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn méjì jókòó sí igun tábìlì kan. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń wo ẹnu rẹ̀, bó bá sọ ohun tó dùn ún, mo ń gbé ojú sókè fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó tó. Ohun tí Egan ń lé ni kí ẹni náà mọ̀ pé o wà pẹ̀lú òun, ọ̀nà tí a ń gbà fi hàn nílẹ̀ wa yàtọ̀.

Ìkúnlẹ̀ náà, kúnlẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò bá iṣẹ́ mu. Kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí o sì wá dìde jókòó. Tí o bá ti jókòó, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ní, "Ọmọdé ni yín, ṣé ọ̀rọ̀ yìí yé yín?", má bínú, má sì ka ìwé ẹ̀rí rẹ fún un. Sọ òótọ́: "Ìyá, n kò tíì bímọ, n kò tíì lọ́kọ. Ẹ̀yin lẹ máa là á yé mi." Mo sọ bẹ́ẹ̀ rí, obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi wákàtí kan là á yé mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, èmi kò sì lè sùn bí n kò bá sọ ọ́. Àṣírí, àti ibi tí àṣírí parí sí.

Kí ìjókòó àkọ́kọ́ tó wọra, sọ fún ẹni náà pé ohun tó bá sọ, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò wà, àyàfi bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu, tàbí bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé. Sọ fún un pẹ̀lú pé o ní ọ̀gá tí o ń bá jíròrò. Bí o kò bá sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí o bá ní láti sọ fún ẹlòmíràn, ọ̀dàlẹ̀ ni yóò pè ọ́.

Bí o bá gbọ́ gbólóhùn bíi "ayé yìí ti sú mi" tàbí "ẹ máa bá mi tọ́jú àwọn ọmọ", má fò ó, má sì sáré sọ pé "ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ò ní jẹ́." Bi í léèrè ní gbangba: "Ṣé ó ti ń ṣe yín bíi kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín?" Ẹ̀rù máa ń ba akẹ́kọ̀ọ́ pé ìbéèrè náà yóò kọ́ ọ ní ohun tí kò rò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara máa ń tu ẹni náà pé ẹnìkan lè gbọ́ ọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, béèrè bóyá ó ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà, bóyá ohun náà wà nítòsí rẹ̀. Má fi òun nìkan sílẹ̀. Pe ọ̀gá rẹ lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú ogún kò sí nínú èyí. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, láti ọdún 1907 ló ti wà níbẹ̀. Ìtìjú orúkọ ibẹ̀ ṣì ń lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn, nítorí náà tẹ̀ lé e lọ bí o bá lè ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ń fi pamọ́ nítorí ọlọ́pàá. Kí o mọ̀ pé òfin ọ̀daràn tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé kí ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n gba ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ sílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i. O ní o ti yí ìtàn náà padà, o ṣeun. Má sọ ọ́ nínú dánfó, kódà bí o kò dárúkọ. Mo gbọ́ ìtàn aláìsàn mi lẹ́nu ọ̀dọ́mọdé kan lórí afárá Third Mainland, àbúrò aláìsàn náà ló jókòó níwájú wa.

Ìyá Ẹgbẹ́ Ṣùrùlérè:
Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo ń darí, ti ẹgbẹ́ ni kí n mú.

O ò ba nǹkan kan jẹ́. Bruce Tuckman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ ọ́ lọ́dún 1965 pé ẹgbẹ́ kékeré máa ń kóra jọ ná, wọn a máa ṣe jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò takora, kí wọ́n tó fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣe, kí iṣẹ́ tó wá bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìjà dé. Ibi tó yẹ kí ẹgbẹ́ rẹ wà ló wà. Ohun tó kù ni kí o má sá fún un. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: "Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá." Bí o bá ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀, àwọn mẹ́fà yòókù yóò kọ́ pé ibí yìí kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ òótọ́. Rí ọmọ tó sunkún náà lóun nìkan kó tó di ọjọ́ náà.

Tú ìlà yẹn ká. Kí àga yí po, kí ìwọ náà wà láàrin wọn. Kò sí bí ọmọ ṣe lè bá ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Ìdákẹ́jẹ́: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ fò kúrò lórí okùn. Máa ka ení èjì nínú títí dé ogún. Bí o bá ka ogún tí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, sọ ohun tí o rí: "Ó jọ pé kò rọrùn láti bẹ̀rẹ̀." Bí kò bá ṣí síbẹ̀, mo ní agolo mílíìkì òfìfo kan tí mo máa ń gbé dání. Mo ń pín bébà pélébé, kálukú á kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù láìkọ orúkọ, wọ́n á sọ ọ́ sínú agolo, n óò máa kà á sókè. Nínú ẹgbẹ́ mi àkọ́kọ́, obìnrin mẹ́sàn-án ló kọ, márùn-ún ló kọ ohun kan náà: pé àwọn bímọ tán, inú àwọn kò dùn, àwọn kò sì lè sọ ọ́ nílé. Bí mo ṣe ń ka ẹ̀kẹta, mo rí i tí wọ́n ń gbé orí sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wo ara wọn. Irvin Yalom, dókítà ọpọlọ tó kọ̀wé púpọ̀ lórí ẹgbẹ́, ka èyí mọ́ ohun tó ń wo ènìyàn sàn níbẹ̀: kí o mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́.

Ọmọ tó gba ọ̀rọ̀ kò fi sílẹ̀, má pa á lẹ́nu mọ́. Sọ pé, "Mo gbọ́ ọ. Ta ló tún ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Lójú tèmi, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù ni ẹ̀rù ń bà jù.

Ti àṣírí ẹgbẹ́, jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ òfin náà, kí wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó. Ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n, wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì. Ìwọ lè ṣèlérí fún ẹnu tìrẹ, o ò lè ṣèlérí fún ẹnu ẹni mẹ́jọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan tí n kò sọ nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé. Bàbá tèmi náà kó jáde nígbà tí mo wà ní JSS3. Ìyá mi máa ń so owó mọ́ igun ìborùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí tú u, àyà mi já. Mo rò ó títí lánàá, ó wá yé mi pé torí kí n má bàa gbọ́ ìyókù ni mo ṣe ń kó ìmọ̀ràn lé e lọ́wọ́.

Ará Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta:
O kú ọkàn akin. Freud, dókítà tó dá ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀, ti dárúkọ nǹkan yẹn láti 1910, pé ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó níwájú wa lè ta ohun tó wà nínú àwa fúnra wa jí; kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ. Má gbé e sínú yàrá tí ìyá náà wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà:
Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní kí n wá jíṣẹ́. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe kìlọ̀, mo tún yí àwọn nǹkan kan padà.

Mo wá agolo. Bébà mẹ́jọ. Mẹ́rin nínú wọn kò mẹ́nu ba ìdánwò pé ó le. Ohun tí wọ́n kọ ni pé, "Bí mo bá yege náà, ta ló máa sanwó?" Ọmọ tó ń gba ọ̀rọ̀ yẹn wo ilẹ̀ bí mo ṣe ń kà á, kò sọ̀rọ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Mo rí i lẹ́yìn ìjókòó. A máa pàdé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ṣì ń bínú síra wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wá.

Mo pe ìyá náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ń retí yín." Ó wá lọ́jọ́rú àná. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká a mọ́ Oyíńgbò, ìgbà tó fi dé, ogún ìṣẹ́jú ló kù. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ti gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún un, mo ní, "Ìyá, ẹ dé ibì kan níjọ́sí kí ẹ tó jáde." Mo sì dákẹ́. Mo ka ogún, mo tún un kà. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ó tú igun ìborùn náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò so ó padà. Ó kó owó náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó nà, ó ní, "Owó ilé-ìwé tí bàbá wọn fi ránṣẹ́ rèé. Ọmọ náà ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní kàkà kí òun fi kàwé, òun á lọ máa fọ mọ́tò."

N kò fún un ní ìmọ̀ràn. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ò sì lè ná an." Ó ní, "N ò lè ná an." Ó wá sunkún. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún mo sọ fún un, ó nu ojú, ó ní òun á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á tètè kúrò nílé.

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Àbúrò mi. Lọ rí ọ̀gá rẹ kó tó di Ọjọ́rú. Má gba ogún ìṣẹ́jú lórí èyí. Ní kó fún ọ ní ogójì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà:
Mo ti bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀, kí àwọn yòókù tó dé.